“O Kò Ní Àṣẹ”: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yọ Kúrò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yà sí ilé mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́ ni tàbí iṣẹ́ olùkọ́, mo ti gbọ́ yín. Mi ò ní yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ iṣẹ́ tí èmi ṣe títí irun mi fi funfun, kí n sọ ibi tí mo ti ṣe é dáadáa àti ibi tí mo ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún láìṣe àṣìṣe kankan, ẹ bá a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Yàrá káàdì ni iṣẹ́ mi, ní ilé ìwòsàn kan tó jẹ́ ti ìjọ, ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí a ti ń rí òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé. Gbogbo aláìsàn tó bá wọlé, ọ̀dọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ yà. A ó wá káàdì rẹ̀ jáde, a ó gbé e lọ fún dókítà, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ a ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń pè mí ní Màmá Káàdì títí dòní, tí mi ò ti ní káàdì kankan lọ́wọ́ mọ́.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà náà. Bàbá mi, tí wọ́n ń dá oko kòkó ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ̀, bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni náà bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀gá Dáre ni à ń pè wọ́n, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ gidi, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín kí ó tó di aago mẹ́rin. Ní ọjọ́ tí mo dé, wọn ò fi káàdì kankan hàn mí. Wọ́n mú mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní:

“Ọmọ mi, o rò pé uṣẹ́ ọwọ́ ni o wá kọ́? Uṣẹ́ ẹnu ni. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò bá lè wà ní títì, kí ó lọ ta gààrí.”

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń nu eruku, tí mo ń lé eku, tí mo ń fi pátákó pẹlẹbẹ rọ́pò káàdì. Bí káàdì bá jáde kúrò lórí pẹpẹ, pátákó kan gbọ́dọ̀ wọ àyè rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tó mú un àti ohun tó fẹ́ fi ṣe sára rẹ̀. Kò sí ẹni tí Ọ̀gá Dáre kì í bi léèrè. Ìyàwó tiwọn fúnra wọn gbé ọmọ pọ̀n wá lọ́jọ́ kan, ibà ń ṣe ọmọ náà. Ọ̀gá gbójú sókè, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, Ìyá Fẹ́mi. Ìwé dókítà dà?” Obìnrin náà wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó padà lọ gba ìwé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kà á, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó na ọwọ́ sí ọmọ tiwọn láti gbé e.

Ohun tó le jù tí wọ́n fi kọ́ mi ni ti ìkíni. Ẹ mọ̀ pé a kì í pàdé ẹni tó ṣàìsàn kí á má bi í pé ṣé ara ti yá. Ọ̀gá Dáre kọ̀ ọ́ fún mi pátápátá. Wọ́n ní ohun tí mo rí nínú káàdì, mi ò rí i. Bí mo bá pàdé aláìsàn lọ́jà, kí n kí i kú ọjà, kí n máa lọ. Ní ọjọ́ ọjà kan, mo rí ìyá kan tó ní egbò lábẹ́ aṣọ, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì sọ pé, “Màmá, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti ń san?” Àwọn tó dúró tì í yíjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtìjú bá ìyá náà, ó fi iṣu tó ń ná sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọ̀gá. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ní kí n jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń kọjá lójú mi. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní, “Ẹyin lohùn. O ti gbọ́ bó ṣe ń dún bó bá fọ́.”

Dúrọ́ọ̀ kan wà lábẹ́ tábìlì wọn, ó ní kọ́kọ́rọ́. Inú rẹ̀ ni káàdì àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo máa ń wà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọ̀kan nínú wọn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún mi láṣẹ láti sọ ọ́.

Obìnrin kan láti Emùré ni, ìyàwó àgbẹ̀ kòkó kan. Lẹ́yìn oyún kan tó bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò dúró, dókítà sì gé ilé-ọmọ rẹ̀ kúrò kí ó má bàa kú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣì wà nílé ìwé bímọ sí ọ̀dọ̀ wa, kò sì lè tọ́ ọmọ náà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọmọ aláìníyàá ṣe gbogbo ìwé tó yẹ, wọ́n sì gbé ìkókó náà fún tọkọtaya Emùré yìí. Wọ́n sọ ọ́ ní Tèmítọ́pẹ́. Ọkọ ti mú ìyàwó rẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ìyàwó náà ní Òde-Èkìtì fún oṣù púpọ̀, nígbà tí wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ọmọ, gbogbo ènìyàn rò pé òun ló bí i, kò sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀. Dókítà, Ọ̀gá Dáre àti èmi nìkan la mọ̀ nílé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, obìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àbúrò mi, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un, lọ́jọ́ tó bá dàgbà tó. Ẹ bá mi pa á mọ́ di ìgbà náà.” Mo ní a ó pa á mọ́.

Ìgbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ayọ̀ wa pọ̀ débi pé a rò pé gbogbo nǹkan ni yóò di ọ̀tun lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá Dáre fẹ̀yìn tì ní ìgbà díẹ̀ sí i, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ wa tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà mẹ́rin ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀kan tó tóbi tí yóò jẹ́ ìyá fún wọn. Wọ́n fi wáyà so gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Adó tó ń jẹ́ Kúnlé ni ó wá kọ ètò tí yóò gbé káàdì wa sórí wọn, bí ojú-ewé tí a ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kúnlé mọ iṣẹ́, ó sì ní ìwà. Ó jókòó tì mí lọ́sẹ̀ púpọ̀, ó ń bi mí bí a ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ṣàlàyé fún mi pé òun kò bẹ̀rẹ̀ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Ó ní férémù kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kàn sílẹ̀, orí rẹ̀ ni òun ń kọ́lé lé. “Férémù yìí mọ bí a ti í béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lẹ́nu géètì, mà,” ó ní. “Ìyẹn ò ní mí lára. Ṣùgbọ́n yàrá tó wà nínú ilé, ta ló lè wọ èwo, èmi ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, kò ní kígbe. Yóò kàn ṣí ni.”

Mo ní mo gbọ́. Ó sì kọ wọ́n, ní òótọ́. Ó kọ ìbéèrè sí ẹnu gbogbo ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ní kí ó fi Yorùbá kọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa sọ, nítorí àwọn tó ń di egbò àti àwọn tó ń fọ aṣọ, wọ́n gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo fi ìyẹn yangàn.

Ní ọjọ́ tí a dán an wò, gbogbo àgbà ilé ìwòsàn péjọ. A fi àga sílẹ̀ fún Métírọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá àádọ́ta ọdún ó lé, tí ẹnikẹ́ni kì í bá sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n wọlé. Inú wọn dùn. Wọ́n wá tẹ nọ́ńbà káàdì kan tó jẹ́ ti dókítà nìkan. Lẹ́tà pupa fò jáde láàárín ojú kọ̀ǹpútà: O KÒ NÍ ÀṢẸ.

Métírọ̀nù bọ́ gíláàsì ojú wọn.

“Ta ni ó ń pè ní ‘o’?”

Kúnlé ní, “Mà, kọ̀ǹpútà ni.”

“Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ọmọ ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀? Èmi tí mo gbẹ̀bí ìdajì ulú yìí, ni ẹ̀rọ ń pè ní ‘o’, tó tún ní mi ò láṣẹ, nínú ulé tí mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe é?”

Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá mi, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àlejò. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Métírọ̀nù. Nígbà tí wọ́n jáde, mo yíjú sí Kúnlé, mo ní kí ó yọ ọ́.

“Kí n yọ ‘o’, kí n fi ‘ẹ’ sí i, àbí?”

“Yọ gbogbo rẹ̀,” mo ní. “A ti béèrè orúkọ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí a bá ti kí káàbọ̀ sínú ilé, ṣé a tún ń tẹ̀ lé e kiri yàrá, tí a ń bi í pé ta ni ó? Òṣìṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa. Ọmọ ìjọ ni gbogbo wa.”

Ó wo ojú mi. “Mà, ṣé ó dá yín lójú?”

“Èmi ni mo ni yàrá káàdì. Yọ ọ́.”

Ẹ ti rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí a tún ṣe, lẹ́tà kan péré. Ìbéèrè náà gan-an ni mo ní kí ó yọ. Èmi tí Ọ̀gá Dáre fi ìyàwó ara wọn kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lójú ara mi! Mo tijú Métírọ̀nù ju bí mo ti bẹ̀rù Ọlọ́run lọ lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń ṣe.

Fún bí ọdún méjì, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Eku ò jẹ káàdì mọ́. Aláìsàn ò jókòó di ọ̀sán kí á tó rí nọ́ńbà rẹ̀. A tẹ káàdì àtijọ́ wọ inú ẹ̀rọ, títí kan àwọn ti inú dúrọ́ọ̀. Mo tẹ ti obìnrin Emùré yẹn fúnra mi.

Ọkọ rẹ̀ kú ní ìgbà òjò. Tọ́pẹ́ ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé girama. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pe ìpàdé lórí oko kòkó, àwọn kan ní ti Tọ́pẹ́ ni nítorí òun nìkan ni ọmọ. Àbúrò olóògbé, Rónkẹ́, dìde. Ọ̀dọ̀ wa ni Rónkẹ́ ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí a ti ń di egbò. Ó fa ìwé pélébé kan yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó sì kà á sí etí gbogbo ẹbí: ọjọ́ tí wọ́n gé ilé-ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ orí Tọ́pẹ́ ṣírò rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa.” Tọ́pẹ́ ń gbé omi fún àwọn àlejò lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹni tó sọ fún mi ní kò ju agbè náà sílẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì lọ dúró ti ìyá rẹ̀.

Mo pe Kúnlé láti Adó. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ ẹni tó wọlé sílẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀ tó fi rí i. Rónkẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ṣí káàdì aláìsàn tó fẹ́ di egbò fún. Lókè ojú-ewé náà, níbi tí nọ́ńbà káàdì wà, ó pa nọ́ńbà aláìsàn yẹn rẹ́, ó tẹ ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti rí lára ìwé kékeré tí obìnrin náà máa ń mú wá sílé ìwòsàn. Ó ṣí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, èmi sì ni mo la ẹnu ògiri.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pe Rónkẹ́, kò sunkún. Ó wo ojú mi, ó ní, “Màmá, mi ò jí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Bí kò bá yẹ kí n rí i, kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

Wọ́n dá a dúró níṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ìbéèrè kúrò, pé Kúnlé kò jẹ̀bi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, wọ́n fi mí sílẹ̀ níṣẹ́. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n lé mi.

Èmi àti Kúnlé tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A lọ láti ojú-ewé dé ojú-ewé. Ó wá yí i padà pátápátá lọ́tẹ̀ yìí: gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì fúnra rẹ̀, àfi èyí tí a bá kọ orúkọ ẹni tó lè ṣí i sílẹ̀. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan, títì ni yóò wà, ẹni tó nílò rẹ̀ yóò wá bínú sí wa, a ó sì tún un ṣe. Ìbínú ènìyàn ṣeé bẹ̀. Mo lọ bá Métírọ̀nù, mo sọ ohun tí mo ṣe nítorí wọn. Wọ́n ní, “Nítorí ‘o’ lásán? Ìwọ ọmọ yìí. Ká ní o bi mí léèrè ni, ǹ bá ti ní kí ẹ fi ‘ẹ’ sí i.” Báyìí ni a ṣe kọ ọ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kò ní àṣẹ láti rí èyí. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ tí mo ní nìyẹn. Ẹ̀rọ yóò pààrọ̀. Pátákó lọ, káàdì lọ, kọ̀ǹpútà mẹ́rin yẹn náà ti di ilé aáyán. Ìbéèrè ò lọ. Ẹ bi ẹni tó wọlé lẹ́nu géètì, kí ẹ sì tún bi í lẹ́nu yàrá, ẹ̀gbọ́n yín ni o, pásítọ̀ yín ni o. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í. Ẹ ṣáà bi í. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn tó.

Mo lọ bẹ obìnrin náà. Ẹbí ọkọ ti lé wọn, ó ti kó ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Òde-Èkìtì. Ojú àárọ̀ ni mo débẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ẹrù náà lé Rónkẹ́ lórí.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, “Ẹ dìde. Oko kọ́ ló ń dùn mí. Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi pa mọ́. Mo ti mọ aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti mọ gbólóhùn tí n ó kọ́kọ́ sọ.”

Mi ò lè gbé ojú sókè. Tọ́pẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà ìkókó. Ó ní, “Màmá Káàdì, orúkọ ẹni tó bí mi, ṣé ó wà nínú káàdì tèmi?”

Ó wà níbẹ̀. Mo rántí rẹ̀ bí orúkọ ara mi, ó sì ti wà lórí ahọ́n mi, nítorí gbèsè ọmọ yẹn wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ fún un ní nǹkan kan, ohunkóhun. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo bi. Ṣé mo ní àṣẹ?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

“Rárá,” ó ní. “Mo mọ orúkọ náà. Mo rí ẹni tó bí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, mo mọ ohun tó sọ. Ẹ jẹ́ kí èyí ṣẹ́ kù fún mi.”

Mo dìde. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì bọ́ sójú títì láti dúró de ọ̀kadà. Láti ibi tí mo dúró sí, mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Tọ́pẹ́ ké sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, “Màámi.” Ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn.